Àǹtí, mi ò mọ ẹni tí mò ń rí nínú dígí mọ́

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà ẹ kí n tó lè dáhùn. O ní ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin fún ẹ ní kíndìnrín kan, o ń tọ̀ dáadáa, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń dáa, gbogbo èèyàn ń kí ẹ kú oríire, ṣùgbọ́n ojú ẹ ti rí roboto bí òṣùpá àrànmọ́jú, irun ń hù lágbọ̀n ẹ, àpá gígùn wà nísàlẹ̀ ikùn, o ti fi aṣọ bo dígí, ọkọ ẹ ò sì gbọdọ̀ tan iná tó o bá ń bọ́ṣọ. Ìgbà tí mo wá dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni mo rí i pé ó ń ṣe ẹ́ bíi kó o máa fo oògùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àyà mi já.

Jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ẹ́, má fò ó, má sì dín in kù fúnra ẹ. Ara ẹ mọ̀ pé àlejò ni kíndìnrín yẹn, oògùn ló ń dì í lọ́wọ́ mú kó má bàa gbógun tì í. Nígbà tí irú iṣẹ́ abẹ yìí kọ́kọ́ yọrí sí rere ní Boston ní Amẹ́ríkà ní December 1954, ìbejì tó jọra pátápátá ni wọ́n ṣe é fún, torí ẹ̀ ni ara ẹni tó gbà á ò fi mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Ọmọ ìyá ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ o, ẹ kì í ṣe ìbejì. Prednisolone, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ẹ, ní tiẹ̀, téèyàn bá já a sílẹ̀ lójijì ó lè gbé èèyàn ṣubú gan-an, torí ara ti gbára lé e.

Òun náà ló sì ń wú ẹ lójú. Kì í ṣe pé o jẹun jù (ó ń mú ebi pani lóòótọ́), ṣe ló ń kó ọ̀rá jọ sí ojú àti ọrùn. Bí dókítà bá ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fọn padà, ó lè gba oṣù mélòó kan. Oògùn yìí tún máa ń lé oorun lọ, ó sì ń mú kéèyàn máa sunkún tàbí bínú láìnídìí, torí náà má rò pé orí ẹ ló ti ń dàrú. Irun àgbọ̀n yẹn, oògùn ciclosporin tó o kọ sínú lẹ́tà ni mo fura sí. Dókítà lè pààrọ̀ ẹ̀ sí tacrolimus, èyí kì í mú irun hù, àmọ́ ó lè mú ọwọ́ gbọ̀n, àwọn ló máa wò ó wọ̀n. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀, tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó o dé kílíníìkì lò ń sọ pé "mo wà dáadáa"?

O ní ojú ń tì ẹ́ láti ráhùn torí ẹ̀gbọ́n ẹ náà ní àpá. Ta ló sọ fún ẹ pé ẹni tí wọ́n gba ẹ̀mí ẹ̀ là ò gbọdọ̀ sunkún ojú ẹ̀ tó yí padà? O lè dúpẹ́ láàárọ̀ kó o sunkún lálẹ́, ìkan ò ba ìkejì jẹ́. Torí kó o lè wà láyé ló ṣe fún ẹ, kò fi ṣe gbèsè tí wàá máa fi ẹ̀rín san. Mo tiẹ̀ rò pé tó o bá sọ fún un, ọkàn tiẹ̀ náà á fúyẹ́.

Ní ti ọkọ ẹ, ó ṣeé ṣe kó máa rò pé òun lo ò fẹ́ mọ́. Sọ fún un pé ara ẹ lò ń sá fún, kì í ṣe òun. Lọ́jọ́ tó bá wù ẹ́, gbé ọwọ́ ẹ̀ lé àpá yẹn jẹ́jẹ́, torí abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni kíndìnrín tuntun náà wà, wọn kì í sábà yọ àwọn ti àtijọ́ tó wà lẹ́yìn.

Lọ́la, pe nọ́ọ̀sì kílíníìkì ẹ, sọ ọ̀rọ̀ fífo oògùn yẹn fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún mi, kó o sì ní o fẹ́ rí ẹni tó ń tọ́jú ọkàn. Tó bá wá ń ṣe ẹ́ bíi pé kó o kúkú kú, má dúró di ọ̀la rárá, alẹ́ yẹn náà ni kó o lọ sí ọsibítù. Aṣọ orí dígí yẹn, fi í síbẹ̀ ná tí kò bá tíì wù ẹ́ láti ṣí i. Kọ̀wé sí mi tó o bá ti rí wọn.