Ìtàn ẹnì kan, ìwádìí gbogbo wa: bí a ṣe ń bá àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣe ìwádìí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àjọ kékeré kan tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n ṣe ìwádìí lórí àwọn tó ti ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́: ìyàwó, ọkọ, ọmọ, àbúrò. Lọ́dún tó kọjá, a pín ìwé ìbéèrè fún wọn, ọ̀pọ̀ sì fàmì sí "kò sí wàhálà." Àwọn yẹn kan náà ni omi ń dà lójú wọn pòròpòrò bí a bá jọ jókòó. Mo wá fẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ìtàn wọn, kí wọ́n sì bá wa dá sí ìwádìí náà. Ọ̀gá mi ní ìtàn kì í ṣe ẹ̀rí. Báwo ni kí n ṣe é? Èèyàn mélòó ló tó? Bí wọ́n bá sì ní ohun tí mo kọ kọ́ ni àwọn sọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ kọ nípa ìwé ìbéèrè àti omijé yẹn, ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá yín bó ṣe rí. Òun gan-an ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí ẹ ní. Ẹni tó ń tọ́jú ọkọ tàbí ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti sú òun. Lójú tirẹ̀, bí ẹni ń ṣépè fún aláìsàn ni. Àpótí kékeré tí a ní kó fàmì sí kò gba ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé mo fẹ́ràn rẹ̀, pé ó sì ti rẹ̀ mí. Ìtàn gba méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má bá ọ̀gá yín jà kọjá ibi tí ẹjọ́ yín mọ. Ìtàn kò lè sọ iye fún un. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdajì wọn ni kì í rí oorun sùn, àfi kó kà wọ́n. Bó bá jẹ́ bí ẹnì kan ṣe dé ibi tí kì í ti í sùn mọ́ ló fẹ́ mọ̀, àti ohun tó ń rò lóru náà, lẹ́nu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ọ̀nà yìí kì í sì í ṣe àrà tuntun. Láàárín 1918 sí 1920, William Thomas àti Florian Znaniecki, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, gbé ìwé alápá márùn-ún jáde lórí àwọn àgbẹ̀ Poland tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Lẹ́tà tí àwọn ẹbí ń kọ síra wọn, àti ìtàn ìgbésí ayé tí ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí ẹ pò wọ́n mọ́ra nínú ìbéèrè yín. Ká gba ìtàn lẹ́nu èèyàn, ọ̀tọ̀ ni. Ká jọ ṣe ìwádìí pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Olùwádìí lè gba ìtàn ogún èèyàn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn pinnu ohunkóhun. Ẹgbẹ́ kan sì lè jọ ṣe ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ ìtàn kan ṣoṣo. Méjèèjì lè gbé pọ̀, àmọ́ ibì kan wà tí wọ́n ti máa ń forí gbárí. Màá padà síbẹ̀.

Nínú gbígba ìtàn, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a ń gbé ìwé ìbéèrè wọnú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: ogún ìbéèrè, ogún ìdáhùn kúkúrú. Fritz Schütze, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Jámánì, gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970: ìbéèrè kan tó fẹ̀, kí olùwádìí sì panu mọ́. Bó bá jẹ́ èmi, báyìí ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí ẹ ti rí i pé ara wọn kò dá mọ́ títí di òní. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti mú un. Mi ò ní já lu ọ̀rọ̀ yín."

Ẹ wá dákẹ́. Ẹ máa mi orí, ẹ máa ṣe "hẹn-ẹn," kí ẹ sì máa kọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan tí wọ́n lò sílẹ̀. Ó dìgbà tí àwọn fúnra wọn bá ní "bó ṣe rí nìyẹn" kí ẹ tó padà sẹ́yìn, ní ẹsẹẹsẹ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiwọn: "Ẹ ní alẹ́ ọjọ́ kan wà tí ẹ tilẹ̀kùn mọ́ra yín. Kí ló ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà?" Ẹ ṣọ́ra fún "kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?" Ẹni tí a bi ní kí ló dé, àwíjàre ló máa wí. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ló ń mú ìtàn wá.

Dídákẹ́ yẹn ló le jù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ yìí, bàbá kan ń bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n dánu dúró, mo rò pé wọ́n ti parí, mo sì ju ìbéèrè tó kàn sí wọn. Ìgbà tí mo délé tí mo ń gbọ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lẹ́nu wọn ni "ìgbà tí mo wá wọ yàrá náà..." Títí di òní, mi ò mọ ohun tí wọ́n bá nínú yàrá yẹn. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn mi kí n tó lanu.

Bí ìtàn bá ti wọlé, ẹ má tètè gé e wẹ́wẹ́. Mo ti rí àwọn tó gba ìtàn tó dára, tí wọ́n wá pín in sábẹ́ "owó," "àárẹ̀," "ìdánìkanwà," títí tí kò fi sí èèyàn kankan mọ́ nínú àbọ̀ ìwádìí wọn. Ẹ kọ ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan ní odidi sójú ìwé kan tàbí méjì, bí òun ṣe tò ó, kí ẹ tó fi wé ti ẹlòmíràn. William Labov àti Joshua Waletzky, àwọn onímọ̀ èdè, fi hàn ní 1967 pé ìtàn ẹnu ní egungun tó gbé e dúró: ibi, ìgbà àti ẹni tọ́rọ̀ kàn, ohun tó da nǹkan rú, bó ṣe parí. Apá tí èmi máa ń wá ni ibi tí asọ̀tàn ti ń jẹ́ ká mọ ìdí tó fi ń sọ ọ́ rárá. Ó lè jẹ́ gbólóhùn kan péré, "èmi nìkan ló wà níbẹ̀ o," tó sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má pa méjì rẹ́ kí ìwé lè mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn náà so kọ́.

Catherine Riessman, àgbà nínú iṣẹ́ yìí, kì í fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ohun tí wọ́n sọ. Ó ń wo bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ó sì ń wo ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ìyẹn ni pé ẹ̀yin náà wà nínú ìtàn yẹn. Ohun tí èèyàn máa sọ fún òṣìṣẹ́ àjọ tó ń ràn án lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tó máa sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí òun náà kò sùn lánàá. Torí náà, ẹ lè kọ́ díẹ̀ nínú wọn láti gba ìtàn lẹ́nu ara wọn. Mo gbà pé ìtàn tó máa jáde á yàtọ̀.

Bí ọ̀gá yín bá béèrè bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ dá a lóhùn pé ó dá lórí ohun tí a ń wá. Bí ọjọ́ bá ṣe pàtàkì, bíi ìgbà tí oògùn kan wọ́n, ẹ lọ wo àkọsílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ní ọdún mẹ́wàá ni, tí àkọsílẹ̀ ní mẹ́fà, bó ṣe gùn lára rẹ̀ tó wà lára ohun tí ẹ wá mọ̀.

Ní ti iye èèyàn, kò sí òfin kan. Mẹ́jọ sí méjìlá tó, bí wọ́n bá yàtọ̀ síra: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ẹni tó rí olùrànlọ́wọ́ àti ẹni tí kò rí. Ẹ ṣírò àkókò yín kí ẹ tó ṣèlérí. Ohùn wákàtí kan lè gba wákàtí márùn-ún láti tẹ̀ sílẹ̀. Èèyàn 12 ní wákàtí méjì-méjì jẹ́ wákàtí 24; títẹ̀ ẹ́ nìkan á gbà yín ní nǹkan bíi wákàtí 120.

Ó wá ku jíjọ ṣe é. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ohun tí ọ̀nà yìí dá lé kò ju ìyẹn lọ. Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ̀wé ní 1946 nípa ìwádìí tó ń bá àtúnṣe rìn. Paulo Freire, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Brazil, àti Orlando Fals Borda, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Kòlóńbíà, wá tẹnu mọ́ ọn pé àwọn tí ìyà ń jẹ lè fúnra wọn wádìí ohun tó ń fìyà jẹ wọ́n. Ní 1969, Sherry Arnstein, ará Amẹ́ríkà, ya àkàbà onípele mẹ́jọ fún ìkópa aráàlú nínú ìpinnu. Ó ní méjì ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìkópa rárá, mẹ́ta àárín jẹ́ ojú ayé, mẹ́ta òkè nìkan ni agbára ti bọ́ sọ́wọ́ aráàlú.

Torí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ bá ọ̀gá yín jókòó, kí ẹ kọ ìpinnu tó máa wà lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú sílẹ̀, èyí tí ẹ̀yin kò ní lè yí padà. Ṣé àwọn ló máa yan ìbéèrè ìwádìí? Ṣé àwọn ló máa sọ ìtumọ̀ ohun tí a gbọ́? Ṣé àwọn ló máa pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ rí àbọ̀ rẹ̀? Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni àjọ yín lè yọ̀ǹda, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀kan ni. Ó sàn kí wọ́n mọ̀ pé ẹ kàn ń gba ìmọ̀ràn wọn ju kí wọ́n lo oṣù mẹ́fà nínú ìpàdé kí wọ́n tó rí i pé ẹ ti kọ ìparí rẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ìwé kì í sọ tó: ta ló máa dúró ti aláìsàn bí olùtọ́jú bá wá sípàdé? Bí ẹ kò bá wá owó fún ẹni tó máa dúró, àwọn tó láàyè nìkan ló máa wá, àwọn tí ẹrù wúwo jù lórí wọn kò ní sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìpàdé kúrú, kí ẹ sì gba ìpè fóònù láàyè. Nínú ìpàdé náà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó mọ̀rọ̀ sọ gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ pín wọn sí méjì-méjì ná.

Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kò yọ̀ lẹ́nu wọn, àwòrán máa ń ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí méjì, Caroline Wang àti Mary Ann Burris, fún àwọn obìnrin abúlé ní Yunnan, ní Ṣáínà, ní kámẹ́rà, kí wọ́n fúnra wọn ya ohun tí wọ́n ń rí, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Àwọn tiyín lè fi fóònù wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ya ojú aláìsàn tí kò lè gbà tàbí kọ̀: àga tí wọ́n ń sùn lé, aago, ike oògùn tó ti tán, ìyẹn náà ń sọ̀rọ̀.

Ó tún jẹ mọ́ ìyọ̀ǹda. Ìtàn olùtọ́jú gbé ìtàn aláìsàn pọ̀n. Yíyí orúkọ padà nìkan kò bò ó, torí àwọn aládùúgbò máa mọ ẹni náà látinú iṣẹ́ rẹ̀ àti iye ọmọ rẹ̀. Ẹ tún béèrè lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ tán, nígbà tí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n sọ. Bí ẹkún bá dé, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ bi wọ́n bóyá ká tẹ̀ síwájú tàbí ká fi í sílẹ̀, kí ẹ sì ti ní ẹni tí ẹ lè darí wọn sí.

Ẹ wá bi mí nípa ẹni tó bá ní "mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ má fi ọgọ́ta ojú ìwé ránṣẹ́ sí i, ẹ ka ojú ìwé tirẹ̀ sí i létí. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣi nǹkan gbọ́, ẹ tún un ṣe. Bó bá sọ ọ́ lóòótọ́ tó sì ń kábàámọ̀, ẹ yọ ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló dùn jù nínú iṣẹ́ yín. Bó bá jẹ́ ìtumọ̀ tí ẹ fún un ni kò gbà, ẹ lè dúró lórí tiyín, ṣùgbọ́n ẹ kọ àtakò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí òǹkàwé rí méjèèjì.

Ibi tí mo ní ọ̀nà méjèèjì ti ń forí gbárí nìyí. Lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ lè sọ pé ìtàn ẹnì kan máa ba àwọn lórúkọ jẹ́, bíi ti ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun ti gbé ọwọ́ sókè sí aláìsàn rí, kí ẹ yọ ọ́. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ ló ni ìbéèrè, ẹgbẹ́ ló ni ìtumọ̀ àpapọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ìtàn nìkan ló lè ní kí a yọ ọ́. Ẹ fẹnu kò lórí èyí ní ìpàdé àkọ́kọ́, kí ìtàn kankan tó wọlé. Ẹ sì dá ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni lè mú ìtàn rẹ̀ kúrò gbẹ̀yìn, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìyọ̀ǹda, kí ẹ tún pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, torí bí àbọ̀ ìwádìí bá ti jáde, kò sí bí a ṣe fẹ́ fà á padà.