Kẹ́ ẹ tó fi £500 dupò lórúkọ ẹranko

Ẹ ní ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan tó ń jà fún ẹranko fẹ́ kẹ́ ẹ wá dupò aṣòfin fáwọn ládùúgbò yín ní Ìlú Ọba, pé ọkọ yín ní ẹ fẹ́ lọ fowó ṣòfò, ẹ sì fẹ́ fi ìbò àwọn èèyàn ṣòfò mọ́ ọn. Ẹ wá ń béèrè bóyá òótọ́ ló sọ. Mo ti ṣe é rí. Oṣù Kejìlá ọdún 2019, nínú òtútù tó ń gé èèyàn létí, mo dupò fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò wọlé; ká má parọ́, mi ò tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ní ti owó, ọkọ yín jàre. Ti ìbò yẹn la máa jọ sọ.

£500 ni owó ìdógò tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀. Tí ìbò yín ò bá ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó ti bá omi lọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé bóyá lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti san án ni kẹ́ ẹ ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tán. Ẹgbẹ́ bá mi san ìdajì, mo yọ ìyókù nínú owó tí mo fẹ́ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ kí ìyá mi ní Ìbàdàn. (Tó bá jẹ́ páálí Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, ẹ má fòyà. Ọmọ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì tó bá ti ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ ìparí lè dìbò níbí, ó sì lè dupò.)

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kì í ṣe owó, orúkọ mẹ́wàá ni. Olùdìbò mẹ́wàá tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò agbègbè yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yín, ẹni tó bá sì ti fọwọ́ sí ti olùdíje mìíràn ṣáájú, tiyín ò kà. Mo gba mẹ́wàá géérégé, mo sì ń yan. Ọjọ́ tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni òpin. Aago méjì kọjá díẹ̀ ni obìnrin tó ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ní káńsù fi bírò kan orúkọ kẹjọ. Ó ní àdúgbò tí ọkùnrin yìí ń gbé, apá ọ̀tún títì ló wà ní agbègbè yín, apá òsì ni tiẹ̀. Mo bẹ́ jáde. Ìyá àgbà kan wà nítòsí ilé mi tí mo máa ń bá kí ajá rẹ̀ tó ti darúgbó. Òun ni mo sá lọ bá. Ó jáde nínú sálúbàtà, ó fọwọ́ sí i lórí ìdérí garawa ìdọ̀tí, ajá náà jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, òjò ń wẹ̀ wá. Mo padà dé káńsù nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin, ẹ ní fọ́ọ̀mù kejì lápò, kí èèyàn mẹ́wàá mìíràn ti fọwọ́ sí i.

Ohun tí £500 yẹn rà fún yín ni pé ilé ìfìwéránṣẹ́ máa gbé ìwé ìléwọ́ yín kan kárí ilé àwọn olùdìbò lọ́fẹ̀ẹ́. Gbígbé ni ọ̀fẹ́ o, títẹ̀ ẹ́ kọ́. Agbègbè ìdìbò kan máa ń ní olùdìbò bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin, ẹ bá mi ro iye bébà. Apá ibi tí agbára mi ká ni mo tẹ̀ fún. Mo tún tẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tí mo fẹ́ fọwọ́ pín. Ìgbà tí mo tú páálí rẹ̀ ni mo rí i pé orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó ní kó tẹ̀ ẹ́ ò sí lára rẹ̀. Òfin ni, ìwé ìpolongo tí kò bá ní in kò ṣeé pín. Èmi ni mo gbàgbé láti kọ ọ́ sí i, ta ni mo fẹ́ bá jà? Mo lọ ṣe òǹtẹ̀ rọ́bà, èmi àti ọmọ mi obìnrin jókòó sídìí tábìlì, à ń lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan títí aago méjì òru. Nígbà tá a dé bí ẹgbẹ̀rún kan àti nǹkan, ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Dádì, ṣé àwọn adìẹ yìí tiẹ̀ mọ̀ pé a wà níbí?"

Wọ́n máa pè yín síbi tí wọ́n ti ń bi àwọn olùdíje ní ìbéèrè. Ẹ lọ, àmọ́ ẹ má lọ bí mo ṣe kọ́kọ́ lọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ni tèmi. Bàbá arúgbó kan dìde, ó ní ó ti lé lóṣù mẹ́jọ tóun ti ń dúró de iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó, kí ni adìẹ fẹ́ ṣe fún òun? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé nípa àgò wáyà, pé láti 2012 ni wọ́n ti fòfin de èyí tó burú jù, pé èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ṣì ń ká adìẹ lápá kò. Kò sí irọ́ kan nínú ohun tí mo sọ. Kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́. Bàbá náà rọra di ìdí àga mú, ó jókòó. Ní ìpàdé kejì, mo ti ní ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ilé ìwòsàn àti ilé gbígbé, mo sì sọ ìyẹn ná kí n tó dárúkọ ẹran kankan.

Ibi tó dùn mí jù ń bọ̀. Òfin ibí ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú ẹran dákú kí ọ̀bẹ tó kàn án lọ́rùn, ó sì yọ̀ǹda fún Mùsùlùmí àti Júù láti pa tiwọn bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jà fún ẹranko ló fẹ́ kí wọ́n fagi lé ìyọ̀ǹda yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo tẹ́ tábìlì síwájú ibùdókọ̀ ojú irin, ọkùnrin kan wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní èmi lòun máa dìbò fún. Orí mi wú. Àṣé ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa bá wa lé àwọn Mùsùlùmí yìí padà síbi tí wọ́n ti wá. Èmi aláwọ̀ dúdú ló ń wò lójú kòrókòró tó ń sọ ìyẹn. Alhaja ni ìyá tó bí mi. Ọdọọdún ló ń pa àgbò Iléyá. Òun náà ló sì gba igi lọ́wọ́ mi ní kékeré, nígbà tí mò ń fi tọ́ ọmọ ẹyẹ tó já bọ́ látinú ìtẹ́, tó ní ẹni tó bá máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé mi ò fẹ́ ìbò rẹ̀. Ó bú mi, ó gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, mo sì jókòó síbẹ̀ tí mò ń rò ó bóyá ìwé ètò ẹgbẹ́ wa ló pè é wá.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fún wọn lésì, ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹran pípa nínú ìwé ètò wọn. Tí adìẹ inú àgò àti ẹlẹ́dẹ̀ inú ọgbà ńláńlá bá gba ìlà méjì, tí ti ẹlẹ́sìn wá gba ojú ìwé méjì, ẹ ti mọ irú ilé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ibí nìkan. Ní Netherlands, wọ́n dá Partij voor de Dieren, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún ẹranko, sílẹ̀ ní 2002, nígbà tó di 2006 wọ́n ti ní àga méjì nínú ilé aṣòfin. Kò sí orílẹ̀-èdè tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ṣáájú ìgbà yẹn. Marianne Thieme tó jẹ́ olórí wọn nígbà náà gbé òfin wá pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹran tí wọ́n máa pa láìmú un dákú. Ní 2011, ilé aṣòfin fi ìbò 116 sí 30 gbà á wọlé. Mùsùlùmí àti Júù jọ pariwo lòdì sí i, ilé kejì sì da òfin náà nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìbò tí kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló fún wọn ní àga méjì yẹn, torí pé lọ́dọ̀ wọn, bí ìbò bá ṣe tó ni àga ń tó. Lọ́dọ̀ tiwa, nínú àga 650, ẹni tó gba ipò kìíní ládùúgbò rẹ̀ nìkan ló ń wọlé. Ẹ fi ìbò yẹn kan náà dupò níbí, £500 yín ni wọ́n máa gbà.

Ṣé ìbò náà wá ṣòfò? Ìbò mi ò pé irinwó. Kò sí aṣòfin irú ẹgbẹ́ wa kankan ní Westminster, ilé aṣòfin Ìlú Ọba, nígbà tí wọ́n ṣòfin 2004 tí kò jẹ́ kí wọ́n fi ajá dọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ́, kò sí nígbà tí òfin 2022 gbà pé akàn àti edé náà ń mọ ìrora, kò sì sí nígbà tí wọ́n fòfin de kíkó ẹran ọ̀sìn láàyè lọ sílẹ̀ òkèèrè fún pípa ní 2024. Ẹgbẹ́ ńláńlá ló ṣe gbogbo ẹ̀, àwọn àjọ tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún ló sì tì wọ́n débẹ̀. Mi ò ní fi iṣẹ́ oníṣẹ́ yangàn.

Ohun tí èmi rí ni pé torí mo jókòó sórí pèpéle yẹn, wọ́n bi gbogbo wa léèrè nípa ẹran tí wọ́n ń kó láàyè sọ́kọ̀ ojú omi. Ká ní mi ò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Ẹni tó padà wọlé dáhùn níwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn pé òun ò fara mọ́ ọn. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí òfin náà dé iwájú ilé, mo fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó sì fèsì lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́tà tí mo ti ń kọ sí ọ́fíìsì yẹn kó tó di pé mo dupò, wọn kì í fèsì.

Tí mo bá wà nípò yín, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin. Mo máa dupò káńsù ná. Kò sí owó ìdógò níbẹ̀, èèyàn méjì péré ló ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ ó sì ti mọ̀ bóyá ara yín gbà á. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣe, ẹ má fi àkọsílẹ̀ ìnáwó yín ṣeré lẹ́yìn ìbò. Ti aṣòfin, ọjọ́ 35 ni wọ́n fún yín lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì, bí ẹ ò tiẹ̀ ná kọ́bọ̀ ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ló jẹ́ lábẹ́ òfin tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó kọjá. Kí ọkọ yín jẹ́ ejẹ́ǹtì yín. Ẹni tó ń ṣọ́ owó bẹ́ẹ̀ ò ní jẹ́ kí rìsíìtì kankan sọnù.

Ní tèmi, Alhaja ò tíì gbàgbé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Gbogbo Iléyá ló ń pè láti bi mí bóyá ìjọba ti dá owó òun padà, á sì fi kún un pé àgbò ọdún yìí ń kí mi.