Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Ọ̀rá Omi, Àjẹkù àti Ẹ̀rọ Omi Tó Ń Kán ní Họ́sítẹ̀ẹ̀lì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbìmọ̀ họ́sítẹ̀ẹ̀lì wa dáwó jọ, a ra garawa ìdọ̀tí mẹ́ta, a sì kọ ọ́ sí wọn lára: ọ̀rá omi, ike, àjẹkù. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé tí gbogbo rẹ̀ fi dàpọ̀. Ẹni tó fẹ́ máa ra ọ̀rá lọ́wọ́ wa wò ó, ó ní òun ò lè ra ẹ̀bà mọ́ ọ̀rá. Níbo la ti ṣì í? (Akọ̀wé họ́sítẹ̀ẹ̀lì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan. Ẹ má dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi. Ẹni tó ń sáré lọ sí kíláàsì aago mẹ́jọ kò ní dúró ka ohun tí wọ́n kọ sára garawa. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti rí àyè ni yóò ju nǹkan sí. Ẹnu garawa ló yẹ kó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìdérí bo garawa tí ẹ kọ ike sí lára, kí ẹ sì lu ihò róbótó kan sí ìdérí náà, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ìgò omi lítà kan àbọ̀ á gba ibẹ̀ kọjá, abọ́ oúnjẹ kò ní lè wọ̀ ọ́.

Ọ̀rá omi ní tirẹ̀ kò yẹ kó wà nínú garawa rárá. Omi díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ garawa ni, omi yẹn á sun jọ sísàlẹ̀, á máa rùn, ẹ̀fọn á sì yé sínú rẹ̀. Àpò àlùbọ́sà, èyí tó dà bí àwọ̀n, ni kí ẹ so mọ́ òpó. Omi á ro dànù, afẹ́fẹ́ á gbẹ ọ̀rá, ẹni tó ń bọ̀ á sì ti rí i láti òkèèrè pé ọ̀rá nìkan ló wà níbẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni kí àpò ọ̀rá dá dúró láìsí garawa ìdọ̀tí lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mú eegun lọ́wọ́, ibo ni kó jù ú sí? Inú àpò yín náà ni. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa wà pọ̀, lẹ́nu àtẹ̀gùn àti lẹ́bàá ẹni tó ń ta omi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ọ̀rá omi kan wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 2. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 400 bá ń mu mẹ́ta-mẹ́ta lójúmọ́, ọ̀rá 1,200 nìyẹn, kílò 2 lé díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á ti sún mọ́ kílò 17. Ẹni tó ń ra ọ̀rá kò ní tìtorí kílò 2 wá, ẹ máa kó o pamọ́ síbi gbígbẹ tó ní òrùlé títí á fi pọ̀. Ẹ má sì kó ìgò ike pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rá máa ń yọ́ tí ooru bá ti tó nǹkan bíi dígírì 110, ìgò ò ní yọ́ títí ooru á fi sún mọ́ 250. Bí wọ́n bá jọ wọnú ẹ̀rọ, ọ̀kan á ti máa jóná kí èkejì tó rọ̀.

Kí ẹ tó tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó ń gbálẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń ṣa ìgò tà tipẹ́, ara owó oúnjẹ wọn ni. Bí ẹ bá gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan, kò tọ́, ẹ kò sì ní rí ẹni tó máa bá yín tú àpò. Ẹ fún wọn ní ìpín tiwọn nínú owó tí ẹ bá rí. Èyí tó kù, ẹ fi ra ohun tí gbogbo ilé á rí, bíi gílóòbù fún àtẹ̀gùn, kí ẹ sì máa kọ iye kílò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sójú pátákó.

ÌBÉÈRÈ: A gbẹ́ kòtò kan, à ń da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àjẹkù sí i, kó lè di ajílẹ̀ fún oko ewébẹ̀ wa. Ó ń rùn burúkú, ìdin sì kún un. Wọ́n ní ká dí i. (Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì kó o jáde kúrò nínú kòtò. Afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀, omi sì pọ̀ jù, ìdí tó fi ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, nǹkan tútù nìkan lẹ ń dà sí i. Ewé gbígbẹ tí wọ́n ń gbá jọ lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n sì ń dáná sun, òun gan-an lẹ nílò. Ẹ gbà á kí wọ́n tó ṣáná sí i.

Ẹ tẹ́ igi wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá da garawa èèpo kan, kí ẹ da ewé gbígbẹ garawa méjì sí mẹ́ta lé e. Ẹ kó o ga tó mítà kan, kó fẹ̀ tó mítà kan, torí òkìtì kékeré kì í lè mú ooru dúró. Ewé gbígbẹ ni kó máa kẹ́yìn nígbà gbogbo, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí eṣinṣin má rí ibi bà lé. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Bó bá ń ṣàn, ẹ fi ewé kún un. Bí kò bá kán rárá, ẹ wọ́n omi sí i.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ ki irin bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí irin náà bá gbóná débi pé ẹ ò lè dì í mú, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bó bá ti ń tutù, ẹ yí i, kí ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí àárín. Lásìkò òjò, ẹ fi tapólì bò ó. Ẹran, ẹja àti ọbẹ̀ olóròóró kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, eku ni wọ́n ń pè. Ẹ̀bà lásán lè wọlé, àmọ́ ẹ rún un, torí bó bá ṣù pọ̀, afẹ́fẹ́ ò ní gba àárín rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, á dúdú, á sì máa ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ di díẹ̀ sínú ọ̀rá fún ọjọ́ méjì. Bó bá rùn nígbà tí ẹ tú u, kò tíì jinná, ẹ má kó o sídìí ewébẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ wa ń kán tó, tó, tó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ní kò tó nǹkan. (Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè tó lítà 20 láàárín wákàtí 24, omi ìwẹ̀ ẹnì kan nìyẹn. Ẹ gbé ife sábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi iye náà han ọ̀gá àwọn aṣàtúnṣe.

Wọ́ṣà, rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀, ló sábà máa ń jẹ. Ẹ ti omi láti orísun, ẹ fi sípánà tú orí ẹ̀rọ náà, ẹ yọ rọ́bà ọ̀hún, kí ẹ sì mú un dání lọ sọ́jà kí wọ́n lè fún yín ní irú rẹ̀ gan-an. Bó bá ṣì ń kán lẹ́yìn ìyẹn, ó lè jẹ́ pé irin tí rọ́bà ń jókòó lé ti họ; kí wọ́n lọ̀ ọ́ kó dán, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ náà. Ẹ sọ fún àwọn tó ń lò ó kí wọ́n má fi agbára tì í, torí àtìjù ló ń tètè ba wọ́ṣà jẹ́.