Èsì: Ta ni kí ẹ ta ọ̀kadà Boxer yín fún?
Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ò bá kánjú owó, ẹni tó máa gùn ún fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tà á fún. Alágbàtà máa yọ owó àtúnṣe àti èrè tirẹ̀ kúrò nínú iye tó máa san. Àmọ́ tó bá ti ń rú èéfín funfun, ẹ jẹ́ kí alágbàtà gbé e lọ, kí ẹjọ́ má baà padà wá bá yín nílé.

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì, ẹ má kùn ún. Ọ̀dà tuntun ń mú oníbàárà fura. Kó tó gùn ún wò, ẹ gba owó rẹ̀ dání. Tó bá fi owó ránṣẹ́, ẹ yẹ àkáǹtì yín wò, ẹ má gba alẹ́ẹ̀tì gbọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásí sínú ìwé àdéhùn, kẹ́ ẹ jọ buwọ́ lù ú, kó sì yí orúkọ ìwé ọkọ̀ padà kíákíá. Bí wọ́n bá fi jalè, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá.