Àbúrò Ló Mú Káàdì ATM Ẹ̀gbọ́n Lọ́wọ́

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 24, ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, inú báǹkì ni owó oṣù rẹ̀ sì ń wọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kì í pé tí owó náà ti ń tán. Àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ̀ ń yá a, wọn kì í dá a padà, àbúrò tó mú káàdì lọ́wọ́ kò sì lè ṣírò iye tó ń gbà ní POS. Bàbá ní kí wọ́n gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ ọmọ. Ìyá ń bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ló yẹ, àti bóyá ìjọba ń sanwó oṣooṣù fún irú ọmọ yìí.

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá mi. Ẹ gba káàdì yẹn lọ́wọ́ àbúrò lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin àti ọmọ yín ni kí ẹ jọ lọ sí báǹkì, kí ó yí PIN rẹ̀ padà, kí àlátì sì máa wọlé nígbàkígbà tí owó bá jáde. Bí èrò bá pọ̀, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ pé àkàndá ni. Òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019 ní àwọn àkàndá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn lórí ìlà. Ẹ má tijú.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ. Òógùn ojú ọmọ yìí ni. Bí ẹ bá gba gbogbo rẹ̀, ìgbà wo ni yóò mọ owó ná? Owó oṣù odidi ló pọ̀ jù fún un lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́.

Ẹ mọ káàdì alájọ, àbí? Èyí tó ní àpótí 31, tí alájọ ń fi bírò sàmì sí lójoojúmọ́. Ẹ wá irú rẹ̀ kan, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín sí i, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Láràárọ̀, ẹ fún un ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọjọ́ náà, kí òun fúnra rẹ̀ fi bírò sàmì sí àpótí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọ́tísíìmù ló fẹ́ràn ohun tó ń lọ létòlétò, ohun tí wọ́n bá fojú rí sì máa ń tètè yé wọn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ti Sátidé, ẹ fi kún un díẹ̀, kí ó fi ra ohun tó bá wù ú. Bó bá fi gbogbo rẹ̀ ra bisikíìtì, ẹ má bá a wí. Ìyókù owó, kí ó wà nínú àkáǹtì kejì tí kò ní káàdì. Tí ti ọjọ́ kan bá ti mọ́ ọn lára, ẹ gbìyànjú owó ọjọ́ méjì, kí ẹ tó fún un ní ti ọ̀sẹ̀.

Ní ti àwọn ayáwó, ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan péré: “Ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá mi.” Ẹ fi ṣeré nílé. Kí ẹ̀yin máa tọrọ, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ ṣe bí ẹni ń bínú, títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun kan náà ni kí ó sọ fún ẹni tó bá pè é lórí fóònù pé báǹkì ni òun, tó ń béèrè BVN.

Ní ti owó ìjọba tí ẹ béèrè, òfin tí Buhari fọwọ́ sí yẹn kò dá owó oṣooṣù kankan sílẹ̀ fún àkàndá. Ó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ mówó fọ́ọ̀mù wá kí òun lè bá yín gba owó oṣooṣù náà, ó fẹ́ lù yín ní jìbìtì ni. Ẹ lọ sí sẹkitéríàtì ní Alágbàká, kí ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà léèrè ohun tó wà nílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ mú ìwé dókítà àti NIN rẹ̀ dání.

Ẹ tún bá lọ́yà sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìhágún. Ẹni méjì ni kí ẹ yàn tí yóò máa bójú tó ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún un, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ọmọ yín fúnra rẹ̀ bá dárúkọ.