Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n yọ eyín yẹn

Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá wa láti Iléṣà. Ẹ ní eyín iwájú tí wọ́n ti ṣe root canal fún yín (ìyẹn ni pé wọ́n ti kó ẹran inú rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti dí i) tún ti yọ eéwo sí ẹran ìdí rẹ̀, ẹ sì ń bi wá bóyá kẹ́ ẹ yọ ọ́ ni tàbí kẹ́ ẹ gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ṣóńṣó gbòǹgbò rẹ̀ tó wà nínú egungun.

Irú ìyà yìí jẹ èmi náà n'Ífẹ̀. Eéwo yẹn á bẹ́, ọyún á tú sí mi lẹ́nu, ibẹ̀ á fúyẹ́, n óò rò pé ó ti tán. Tó bá di òru, á tún máa sọ kúlúkúlú títí di ìdájí, mi ò sì ní lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ìrọ̀rí. Búrẹ́dì lásán, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni mo fi ń gé e. Dókítà tí mo kọ́kọ́ lọ bá kò ya X-ray kankan. Amoxicillin àti Flagyl ló ń kọ ṣáá. Mo bá lò ó tán, á tún kọ òmíràn. Inú ṣì ń bí mi. Inú eyín tó ti kú, ẹ̀jẹ̀ kì í débẹ̀ mọ́. Báwo ni oògùn tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn ṣe fẹ́ ká kòkòrò mọ́ inú ibẹ̀? Ó lè mú kó rọ̀ díẹ̀, kò lè wò ó sàn. Nígbà tó sú u, ó ní kí n yọ ọ́. Eyín àgbàlagbà kì í mà hù padà o!

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n lè tún root canal yẹn ṣe. Tèmi ò ṣe é tún ṣe, torí irin wà nínú gbòǹgbò, wọ́n sì ti dé e lórí. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọ́n á gún yín lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ lè kú, wọ́n á ṣí ẹran náà, wọ́n á gé nǹkan bíi mìlímítà 3 kúrò ní ṣóńṣó gbòǹgbò, wọ́n á dí i, wọ́n á rán an. Ẹ wá ẹni tó ń lo maikiroskóòpù, torí ihò tí wọ́n máa lu sínú egungun á kéré. Ẹ má bẹ̀rù wíwú díẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e. Egungun ló ń pẹ́: ó lè tó oṣù 6 sí ọdún kan kó tó dí, nítorí náà ẹ máa lọ ya X-ray tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá.

Àmọ́ tí gbòǹgbò bá ti là lóòró, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè gbà á, ẹ yọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá yín fi omi bátìrì tàbí kẹrosíìnì síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí tẹ́ ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn yín. OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, ní ilé ìwòsàn eyín, ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà lọ́dọ̀ yín sì wà lábẹ́ wọn, ẹ lè béèrè níbẹ̀. Tó bá wú dé abẹ́ ojú tàbí abẹ́ àgbọ̀n, tàbí tí itọ́ ò ṣe é gbé mì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ lóru ọjọ́ náà.