Ṣé irú táyà tí mo bá rà n'Ìbàdàn máa yí owó ìnṣọ́ránsì padà?

Rárá, bó bá jẹ́ third party lẹ fẹ́ ṣe, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí mọ́tò yín bá ṣe ní jàǹbá. ₦15,000 ni wọ́n fi í sí fún mọ́tò ara ẹni láti oṣù kìíní 2023, táyà yòówù kó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Comprehensive, èyí tó ń sanwó fún mọ́tò tiyín náà, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra sí: iye mọ́tò ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, àmọ́ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí táyà ti pá, wọ́n lè fi ìyẹn ba yín jiyàn owó.

Ẹ má sanwó kún owó nítorí àmì yìnyín lára táyà, òjò àti ooru ni tiwa. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: TRACTION A tàbí AA ló dáa lójú títì tó bá tutù. TEMPERATURE A ló ń fara da ooru, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń sáré lọ Èkó. Nínú nọ́ńbà táyà bíi 195/65R15 91H, 91 ni ẹrù 615 kílò tí táyà kan lè gbé, H sì ni eré tó ga jù, 210 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí méjèèjì má kéré sí èyí tí mọ́tò yín ń fẹ́.

Tòkunbọ̀ tó ń dán ní Ìwó Road ńkọ́? Nǹkan dúdú ni wọ́n fi pa á. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ìgbà tí wọ́n ṣe é ló ń sọ: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ yí táyà náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń wà nígbà míì.